Akọ Ẹ̀fọn Kì í Jẹni

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ẹ̀fọn ló pa ọkọ mi. Ìbéèrè náà kò burú, torí iṣẹ́ ẹ̀fọn ni àwa méjèèjì ń ṣe. Àmọ́ tí mo bá ti sọ pé rárá, àkàbà ni, pé ó gùn ún lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan láti lọ lẹ ibi tó ń jò lórí òrùlé, pé àkàbà yẹ̀, ojú wọn a rọ̀ díẹ̀, bíi pé mo fi ìtàn tó dùn dù wọ́n. Mi ò bínú sí wọn. Ó ti tó oṣù méje báyìí tí mi ò ti bínú sí ẹnikẹ́ni. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí omi tí wọ́n pọn sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò.

Ilé ìwádìí wa kò tóbi. Yàrá eégbọn wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn eégbọn tí wọ́n bá fi aṣọ funfun wọ́ lórí koríko sí. Yàrá ẹ̀fọn wà lókè, tèmi nìyẹn. Ó móoru, ara ògiri rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, o ò sì gbọdọ̀ ṣí èkejì títí àkọ́kọ́ á fi tì lẹ́yìn rẹ. Férémù irin tí a ta àwọ̀n funfun bò ni à ń pè ní àpótí. Ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní apá aṣọ gígùn, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀fọn tí kò ní àrùn kankan lára là ń sìn sínú wọn, kí á lè fi wọ́n dán àwọ̀n ìbùsùn àti oògùn ẹ̀fọn wò.

Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin rẹ̀ ni. Tí kò bá mu ún, kò ní yé. Akọ kì í jẹni, omi ṣúgà tí a fi òwú rẹ sí ẹnu ìgò ni tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa fún àwọn abo ní ẹ̀jẹ̀ ẹran lọ́wọ́ọ́wọ́, àmọ́ ó ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n ní kò ní pẹ́ dé, a sì ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní kò ní pẹ́, kí ènìyàn fọkàn balẹ̀ ni. Nítorí náà, ọwọ́ wa ni wọ́n ń jẹ. Èmi lónìí, Bọ̀dá Aláwò lọ́la. Bọ̀dá Aláwò ni ẹ̀gbọ́n tó ń fi ẹ̀rọ awò wo inú ẹ̀fọn, tó sì ń kà wọ́n. Tó bá ti ń ká ẹ̀wù sókè báyìí, á ní, "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe." Ọdún keje rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sú u.

Ọkọ mi kì í ṣe ará inú yàrá. Ìta ni tirẹ̀. Á jókòó sórí àga kékeré kan nídìí adágún omi, á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á fi ẹsẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀fọn tó bá ti bà lé e, kó tó jẹ ẹ́ rárá, á fi ọ̀pá onígíláàsì tó ní rọ́bà lẹ́nu fà á mú. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹsẹ̀ tí ẹ̀fọn fẹ́ràn tó tirẹ̀ rí, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Oyin. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ fún bíríkì, ó mú abo ẹ̀fọn mọ́kànlélógójì tí oògùn ara àwọ̀n ìbùsùn ò ràn. O lè bò wọ́n mọ́ inú àwọ̀n ọ̀hún kí ilẹ̀ fi ṣú kó fi mọ́, wọ́n á jí, wọ́n á máa fò lọ. Àwọn mọ́kànlélógójì yẹn la sìn tó di ìran. Nọ́ńbà ni orúkọ wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, àmọ́ Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Oyin ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ibi tí wọ́n ti wá, wọ́n ti da yanrìn dí i, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Kò sí irú wọn níbòmíràn tí a mọ̀.

Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi bọ́ wọn lọ́dún méjì àkọ́kọ́, kó tó di pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tá a ti ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ ara wa yẹn la ti fẹ́ra. A ò bímọ. A wá a, kò wá. Ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màmá, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó sì ta mí létí lọ́jọ́ náà, pé, "Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni wọ́n mu dàgbà? Ọmọ ọmọ mi ni wọ́n nìyẹn." Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà ilé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, Màmá wá síbi ìsìnkú, kò sì padà sílé rẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" Èmi náà á ní, "Wọ́n wà, Màmá. Wọ́n ní kí n kí yín." Ọ̀rọ̀ tá a máa sọ lójúmọ́ kò ju ìyẹn lọ nígbà mìíràn.

Mi ò sunkún níbi ìsìnkú. Àwọn ẹbí ń wò mí, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn ní ìhà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ mi pé ojú mi gbẹ bí ojú ẹni tó ń retí ọkọ̀. Màmá ló ní kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ká sòótọ́, èmi náà ń retí ẹkún ọ̀hún. Mo rò pé yóò bá mi nílé ìdáná, tàbí níbi tí mo bá ti ń pa aṣọ. Kò wá. Ní ọjọ́ kẹta mo padà síbi iṣẹ́, mi ò sì pa ọjọ́ kan jẹ látìgbà náà. Wọ́n ní mo gbìyànjú.

Kò sí ìgbìyànjú kankan níbẹ̀ o. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ki ọwọ́ bọ àpótí, máa máa fi ehín tẹ ètè ni, títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á fi pé. Lẹ́yìn tí ó kú, mi ò mọ ìjẹ wọn lára mọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ẹnu á wà lára apá mi, èmi á máa wo aago ògiri. Ó máa ń wú, mo rí i pé ó ń wú, àmọ́ kò yún mi. Bọ̀dá Aláwò ní ó ti mọ́ mi lára ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá wa obìnrin, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ló sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ tún òrùlé yàrá òkè ṣe, pé kí á dín àpótí kù. Ìran kọ̀ọ̀kan, àpótí kan péré. Ọmọ Ẹlẹ́sẹ̀ Oyin náà di àpótí kan. A tọ́ gbogbo ìdin inú omi wọn dàgbà tán, wọ́n yọ ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹyin tàbí ìdin kankan nílẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ti bá ilé ìwádìí mìíràn sọ̀rọ̀. Wọ́n máa rán ẹnìkan wá lọ́jọ́ Ẹtì láti wá gba ẹyin, kí wọ́n lè sìn lára ìran náà lọ́dọ̀ tiwọn. "Tí tọ̀hún bá ti dúró," Ọ̀gá ní, "ọkàn wa á balẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé wọ́n jẹun dáadáa lọ́jọ́ Ajé."

Bọ̀dá Aláwò ló kàn lọ́jọ́ Ajé yẹn. Àmọ́ ibà ń ṣe é, ó ń lo oògùn, òfin wa sì ni pé ẹni tó bá ń lo oògùn kò gbọdọ̀ fún ẹ̀fọn ní ọwọ́. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣeé mu lọ́sẹ̀ yìí o. Ìwọ ló kù." Mo ní kò sí wàhálà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá sí àdúgbò wa. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá. Wọ́n máa ń mú ọ̀pá ìwọ̀n gígùn dání, wọ́n á ní kí o fẹ̀yìn tì í, ibi tí orí rẹ bá dé lára rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ iye hóró oògùn tí wọ́n máa fún ọ. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò etí odò fọ́ ni lójú ni. Màmá ti mu tirẹ̀. Ó pè mí jáde láti inú yàrá. Mo bọ́ síta, mo fẹ̀yìn ti ọ̀pá. Òṣìṣẹ́ ìlera obìnrin kan bi mí bóyá mo lóyún, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ara mi le, mo ní ó le. Ó ka hóró mẹ́rin sí mi lọ́wọ́. Màmá gbé ife omi sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọdé lómi, ó ní, "Gbé e mì, ìyàwó mi." Mo gbé e mì. Ohun tí Màmá bá ní kí n ṣe nígbà yẹn ni mò ń ṣe. Ó ní kí n jẹun, mo jẹ. Ó ní kí n lọ sùn, mo lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa o, torí kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dà bí irọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá ẹ̀fọn, ìwé ńlá kan wà lára ògiri. Iṣẹ́ Ọ̀gá wa ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé oògùn hóró yẹn gan-an, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá mu ún máa ń pa ẹ̀fọn tó bá fà á, fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ya ẹ̀fọn tó dojú délẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n kó má baà wọ́ sápá kan. Ìgbà ọgbọ̀n lójúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì yé mi bí orúkọ mi.

Lọ́jọ́ Ajé mo mú fọ́ọ̀mù tí à ń kọ kí á tó ki ọwọ́ bọlé. Ìbéèrè márùn-ún ni. Ìkẹta ni pé ṣé o lo oògùn kankan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fàlà sí Rárá ní gbogbo márààrún, mo buwọ́ lù ú, mo ká apá ẹ̀wù sókè. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà, kò bi mí léèrè. Wọ́n bà lé mi, wọ́n mu àmuyó. Ikùn wọn pọ́n wẹ̀ẹ̀, wọ́n wúwo débi pé agbára káká ni wọ́n fi fò padà sára àwọ̀n. Mo tiẹ̀ rò ó lọ́jọ́ náà pé wọ́n jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, díẹ̀ wà nílẹ̀ àpótí. Mo ní bóyá ooru ni. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ilẹ̀ àpótí ti dúdú. Mo dúró, mo ń wò ó ràn-ùn. Mo lọ pe Bọ̀dá Aláwò.

Ó fà wọ́n jáde, ó tẹ́ wọn sórí ìwé funfun, ó fi abẹ́rẹ́ ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n tán. Abo ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà ló wà nínú àpótí. Mẹ́rin ló kù tó ń mí.

"Akọ mélòó ló kú?" mo bi í.

"Kò sí." Ó yọ ojú kúrò lẹ́nu awò. "Akọ kankan ò kú, àbúrò mi. Àwọn tó jẹ ọ́ nìkan ló kú. Kí lo mu?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọ̀pá ìwọ̀n yẹn níwájú mi, àti ife omi lọ́wọ́ Màmá. Mo sọ fún un. Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé o rí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá yìí móoru, gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń ṣe ségesège. A lè ní òun ló gbóná jù lálẹ́. Ta ló máa bi wá?"

"Ooru ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, bọ̀dá."

"Ṣé kí á pa díẹ̀ mọ́ ọn lára àwọn akọ ni?"

Ó sọ ọ́ bí àwàdà, àmọ́ kì í ṣe àwàdà. Ẹni rere ni, iṣẹ́ mi ló fẹ́ dáàbò bò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ìwé funfun náà bó ṣe wà, pẹ̀lú àwọn òkú orí rẹ̀, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá.

Ọ̀gá gbọ́ mi tán. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ọjọ́ tí mo gbé oògùn náà mì, àti aago mélòó, àti hóró mélòó. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

"Mo fàlà sí Rárá, mà."

"O parọ́ nìyẹn."

"Mi ò parọ́, mà. Mi ò kà á ni."

"Láti ìgbà wo lo ò ti kà á?"

Mo rò ó. "Oṣù méje."

Ó ń wo àwọn òkú ẹ̀fọn lórí ìwé. "Wọ́n ń sọ fún mi pé o ò pa ibi iṣẹ́ jẹ rí," ó ní. "Inú mi dùn sí i. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí." Ó ní kí á dúró wo àwọn mẹ́rin tó kù dé ọjọ́ Ẹtì. A gbé òwú tí a fi omi rẹ sínú àpótí kí wọ́n lè yé ẹyin sórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan ló kù, kò sì yé nǹkan kan. Ọ̀gá tẹ ilé ìwádìí kejì láago pé kí ẹni wọn má wulẹ̀ wá mọ́. Ó ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé tí mo bá dé, a máa sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá kí n gbé àpótí náà sínú yìnyín kí àwọn akọ inú rẹ̀ lè kú, bí a ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ṣúgà ò wọ́n wa. Jẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ wọn tán."

Ọ̀sán ni mo délé. Nínú ọkọ̀ mo ti pinnu ohun tí máa sọ fún Màmá. Mo fẹ́ sọ pé ooru ni. Mo lè gba ẹ̀bi tèmi, àmọ́ mi ò fẹ́ kí obìnrin tó sin ọmọ rẹ̀ lọ́dún yìí tún máa ro ife omi kan títí tó máa fi kú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù kan. Kò gbójú sókè.

"O tètè dé. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo la ẹnu láti sọ irọ́ mi. "Wọ́n ti kú, Màmá."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Gbogbo wọn?"

"Àwọn abo. Akọ ṣì wà."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Èmi ni. Oògùn ọjọ́ Àìkú ṣì wà lára mi, mo wá fún wọn ní ọwọ́."

Ó gbójú sókè wò mí. "Oògùn tí mo ní kó o gbé mì."

"Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi mọ̀."

"O mọ̀, o sì gbé e mì?"

"Mi ò sí níbẹ̀, Màmá." Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. "Èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀."

Mo rò pé ó máa pariwo, tàbí kó ní òun ti gbé. Kò ṣe ìkankan. Ó ní, "Àwọn akọ tó kù yẹn, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?"

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kó ara wọn jọ sókè àpótí, wọ́n á máa fò lójú kan náà. Bí wọ́n ṣe ń pe abo nìyẹn. Abo á rí wọn, á fò wọ àárín wọn."

"Kò sì sí abo mọ́."

"Kò sí."

"Wọn ò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n á máa ṣe é, títí ọjọ́ wọn á fi pé."

Màmá mi orí. Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀, ó fa òwú já. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹ̀wù tó wà lórí itan rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀wù ọkọ mi ni, èyí aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ti pé. Mélòó kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó ti pa dáadáa, mélòó kan sì wà nínú agbọ̀n tí kò tíì kàn.

"Màmá, ta ló máa wọ̀ ọ́?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Bọ́tìnnì rẹ̀ ló ṣáà ń já."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, níbi tí mo dúró sí gan-an, ẹkún sì gbé mi, ẹkún oṣù méje, pẹ̀lú ariwo tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Ó dùn mí, ó dùn mí débi pé mo di ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mú. Màmá ò ní kí n dákẹ́. Ó kó àwọn ẹ̀wù náà sápá kan kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n dìde nílẹ̀ tútù.